Ẹ̀pà Ni Èèwọ̀ Ọmọ Yìí: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tí Ara Ọmọ Rẹ̀ Kọ Oúnjẹ Kan

Ọmọ mi kejì kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu kúlíkúlì tí kò ju orí ìka lọ sí i lẹ́nu. Kí n tó fọ abọ́ méjì tí ó wà lọ́wọ́ mi tán, ètè ọmọ ti wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń wúkọ́ bíi ti ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí wa ní Ìbàdàn, tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò béèrè owó káàdì kí ó tó gún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tí ó ń ṣí ọ̀nà èémí tí ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ìyá mi tí ó bá wa sáré lọ ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹnìkan ti fún ọmọ òun ní májèlé jẹ. N kò dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà jọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Májèlé kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bá kòkòrò àìsàn jà, ni wọ́n ṣi ẹ̀pà mú fún ọ̀tá, tí wọ́n sì tú kẹ́míkà bíi histamine sílẹ̀ lójijì. Kẹ́míkà wọ̀nyí ni ó ń mú ara wú, tí ó ń fún ọ̀nà èémí, tí ó sì lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Àlẹ́jì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ẹ̀pà ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni mo mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹyin, wàrà màlúù, ẹja, edé, àlìkámà, sóyà, yánmọtí àti kajú náà lè ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ wa, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ ni ó ń fún un ní nǹkan jẹ, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ènìyàn ni ẹ óò bá ṣiṣẹ́ jù nínú àwọn ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e yìí, ju ìkòkò àti àwo lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ oúnjẹ náà dájúdájú

Bí oúnjẹ kan bá lòdì sí ara ọmọ lọ́nà tí mò ń sọ yìí, àmì rẹ̀ kì í pẹ́ yọ: láti ìṣẹ́jú díẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Ọmọ tí inú ń kùn tí ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru nígbàkúùgbà tí ó bá mu wàrà lè jẹ́ ọmọ tí ikùn rẹ̀ kò lè da ṣúgà inú wàrà. Ìyẹn ń yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í pani. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ọmọ jẹ, bí ó ti pọ̀ tó, aago tí ó jẹ ẹ́, àti aago tí àmì àkọ́kọ́ yọ. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ara tí ó lé tàbí ètè tí ó wú, nítorí pé kí ẹ tó rí dókítà ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìwé yìí ni kí ẹ mú lọ bá dókítà àwọn ọmọdé, pàápàá ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àrábà. Dókítà lè ní kí wọ́n kán omi tí wọ́n yọ lára oúnjẹ náà sí awọ ọmọ, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tí kò wọlé jinlẹ̀ gún ibẹ̀, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò nìkan dẹ́rù bà yín. Àyẹ̀wò lè sọ pé ara ọmọ mọ oúnjẹ márùn-ún, kí ó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré nínú wọn ni ó ń ṣe é ní jàǹbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ jẹ oúnjẹ náà ni dókítà yóò fi so èsì náà pọ̀.

Òbí tí ẹ̀rù bá bà máa ń mú oúnjẹ púpọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹ̀wà kúrò nítorí mo gbọ́ pé ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀pà, mo mú ẹyin kúrò, mo mú ẹja kúrò, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òtítọ́ ni pé ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín àti àkàrà láìsí wàhálà, bí epo tí a fi dín in bá ti dára. Ẹ má mú oúnjẹ kankan kúrò láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dán èyí tí ó ti ṣe ọmọ rí wò nínú ilé láti mọ̀ bóyá ó ti tán lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ àmì ewu, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ óò ṣe

Ibi yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àmì kan wà tí kò le: kí ara máa yún ọmọ, kí ó lé káàkiri bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ènìyàn, kí ètè tàbí ìpéǹpéjú wú díẹ̀, kí ó bì lẹ́ẹ̀kan. Ìwé láti òkè òkun máa ń sọ pé kí a wo awọ tí ó pọ́n. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n náà kì í hàn dáadáa, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ pa awọ rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ó rí kúlukùlu, kí ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, inú ètè àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ẹ sì ṣàkíyèsí bóyá ó ń họ ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Àmì tí ó le ni kí ohùn ọmọ há, kí ó máa wúkọ́ láìdáwọ́ dúró, kí èémí rẹ̀ máa súfèé, kí ahọ́n rẹ̀ wú, kí ó máa tiraka láti gbé itọ́ mì, kí ètè rẹ̀ ṣú, kí òòyì máa kọ́ ọ, tàbí kí ó kàn ṣàdédé rọ jọwọrọ tí ó sì ń tòògbé. Bí ara ọmọ bá lé, tí ó sì tún ń bì léraléra lẹ́yìn tí ó jẹ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, ẹ kà á sí àmì tí ó le. Nígbà mìíràn ara kì í lé rárá. Èémí nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì tí ó le yìí, ohun tí ẹ óò ṣe nìyí, bí mo ti tò ó:

1. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé nǹkan. Bí kò bá lè mí dáadáa ní ìdùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jókòó kí ó na ẹsẹ̀. Bí ó bá ti dákú tàbí tí ó ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dìde dúró tàbí kí ó rìn, kódà bí ó bá ní ara òun ti yá, nítorí àwọn kan ti dìde báyìí tí ọkàn wọn sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

2. Ẹ gún un ní adrenaline ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ lóde, ní àárín méjì orúnkún àti ìbàdí. Ẹ lè gún un gba inú ṣòkòtò kọjá. Bí ó bá jẹ́ EpiPen, abẹ́rẹ́ tí ó dà bíi bírò tí oògùn ti wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kan ni kí ẹ fi dì í mú ṣinṣin, kí ẹ yọ ìdérí aláwọ̀ aró tí ó wà lókè, kí ẹ ti orí tí ó ní àwọ̀ ọsàn mọ́ itan títí yóò fi dún, kí ẹ sì ka ení, èjì, ẹẹ́ta kí ẹ tó yọ ọ́. Bí irú tiyín bá yàtọ̀, ìwé inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ kọ aago tí ẹ gún un sílẹ̀.

3. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì: 112 ni nọ́ńbà náà ní Nàìjíríà, 767 náà sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ náà lè má tètè dé, nítorí náà ẹ ti bá aládùúgbò kan tí ó ní mọ́tò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ni kí ẹ tẹ́ ọmọ sí. Ọ̀kadà kò dára fún ọmọ tí ó wà ní ipò yìí, àyàfi bí kò bá sí ohun mìíràn rárá.

4. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí ara rẹ̀ kò sì rọlẹ̀, ẹ gún un ní ẹ̀ẹ̀kejì ní itan kejì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí abẹ́rẹ́ jẹ́ méjì nígbà gbogbo.

5. Kódà bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a dúró fún wákàtí mélòó kan. Ìjà náà lè padà wá lẹ́yìn tí ó bá ti rọ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí Piriton, nítorí kò sí ilé tí kò sí. Piriton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dẹ́kun yíyún ara. Kò lè ṣí ọ̀nà èémí tí ó ń pa dé, kò sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó já wálẹ̀ padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni oorun tí ó máa ń kùn ọmọ lè mú kí ẹ rò pé ara rẹ̀ ti rọlẹ̀ nígbà tí ó ń dákú lọ. Epo pupa tí a máa ń fún ẹni tí ó jẹ májèlé kò wúlò níbí. Wàrà, àgbo, fífi ìka sí ọmọ lọ́fun kí ó lè bì, gbogbo rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè sá sí ọmọ tí èémí rẹ̀ ti há ní ọ̀nà òdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Abẹ́rẹ́ tí ó dà bíi bírò, tí ó ti ní oògùn nínú tẹ́lẹ̀, ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ẹbí wọn láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ń bá rà á, ṣùgbọ́n dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọmọ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè bá a mu. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni 0.01 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, kì í sì í sábà kọjá 0.3 mg fún ọmọdé. Bírò 0.15 mg wà fún àwọn kékeré, 0.3 mg wà fún àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀.

Bí bírò kò bá sí, ẹ bẹ dókítà kí ó kọ́ yín bí a ti ń fa adrenaline láti inú ìgò kékeré tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní 1 mg nínú 1 ml, nítorí náà ọmọ tí ó wọn kílò 15 yóò gba 0.15 ml. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí oògùn. Síríńjì tí àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà fi ń gba insulin kò dára fún iṣẹ́ yìí: abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú jù láti wọ ẹran itan, ìlà ara rẹ̀ sì yàtọ̀.

Oòrùn wa ni ọ̀tá oògùn yìí. Ẹ má fi í sínú mọ́tò, ẹ má fi í sí ojú fèrèsé, ẹ má sì fi í sínú fíríìjì pẹ̀lú. Inú yàrá tí ó tutù díẹ̀, nínú àpò rẹ̀, ni ààyè rẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá ti yí àwọ̀ padà, ó ti bàjẹ́. Èmi máa ń wo ọjọ́ tí yóò parí ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù.

Àpò kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kí àpò náà sì ní àwọ̀ tí ó hàn: abẹ́rẹ́ méjì, oògùn yíyún ara, ìnhélà bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, àti bébà kan tí ó ní orúkọ ọmọ, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, àwọn nǹkan márùn-ún tí mo tò sókè, àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn mẹ́ta. Ibi tí ọmọ bá ń lọ ni àpò ń lọ. Àpò tí ó wà nílé nígbà tí ọmọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò yàtọ̀ sí àpò tí kò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ẹ̀pà níbi tí ó sá pamọ́ sí

Ẹ̀pà tí a rí kì í ṣe wàhálà. Ta ni kò mọ gúgúrú àti ẹ̀pà? Èyí tí a lọ̀ mọ́ nǹkan ni kí ẹ máa wá. Yàjì tí àwọn onísúyà ń wọ́n sórí ẹran ní kúlíkúlì nínú. Dọ̀ǹkwà jẹ́ àgbàdo àti ẹ̀pà. Tom Brown tí wọ́n ń júwe fún ìyá ọmọ pé kí ó fi fún ọmọ lókun sábà máa ń ní ẹ̀pà àti sóyà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó fi hàn lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lọ ẹ̀pà mọ́ ẹ̀gúsí kí ọbẹ̀ lè ki. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, klui-klui wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí ní gbogbo ọjà; ọbẹ̀ ẹ̀pà sì wọ́pọ̀ ní ibẹ̀ àti ní Togo.

Ọ̀rọ̀ epo wá ńkọ́? Epo ẹ̀pà tí ilé iṣẹ́ ńlá ti yọ́ mọ́ tónítóní kì í sábà ní èròjà tí ó ń bá ara jà mọ́. Èyí tí àwọn ìyá tí ó ń ṣe kúlíkúlì fún jáde lára ẹ̀pà, tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lọ́jà, ní in dáadáa. Nígbà tí ẹ kò bá mọ èyí tí alákàrà lò, ẹ ra ẹ̀wà kí ẹ dín àkàrà yín nílé. Ìdáhùn tí mo ti gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí ń dín nǹkan ni «epo tó dáa ni», èyí tí kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tí mo béèrè.

Ibi tí ó pẹ́ jù kí n tó ronú kàn ni ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó lọ ata yín láàárọ̀ ni ó lọ ẹ̀pà ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, omi díẹ̀ tí wọ́n fi ṣan án kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Fún oṣù mẹ́fà gbáko ni ara ọmọ mi fi ń lé ní ọjọ́ tí a bá se ọbẹ̀ ata, tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ lo bùlẹ́ńdà tàbí ọlọ yín nílé fún ata, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ògì. Bí iná kò bá sí, tí ẹ̀rọ sì di dandan, ẹ bá ẹlẹ́rọ ṣe àdéhùn kí tiyín jẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí ó bá fọ ẹ̀rọ náà mọ́. Èyí kò mú ewu kúrò pátápátá, nítorí náà èmi kì í fún ọmọ mi nínú rẹ̀.

Ní ti ohun inú páálí àti ọ̀rá, nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò tó. Ẹ ka àwọn èròjà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á, nítorí ilé iṣẹ́ lè yí wọn padà láìyí àwọ̀ páálí padà. Peanut, groundnut àti arachis, ẹ̀pà ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ kẹta yìí ni ẹ óò rí lára ìpara àti oògùn mìíràn. Bísíkíìtì tí kò bá ní àkọlé rárá, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Nínú ilé, ẹ yan ṣíbí, ìkòkò àti pákó ìgénǹkan kan sọ́tọ̀ fún ọmọ. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹni tí ó jẹ ẹ̀pà fi fọ ọwọ́ kí ó tó gbé e. Jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́ kì í mú ẹ̀pà kúrò. Òórùn ẹ̀pà lásán, láìfẹnu kàn án, kò sábà mú ọmọ ṣàìsàn, nítorí náà ẹ kò ní láti sá kúrò nínú ọkọ̀ èrò tí ẹnìkan ti ń jẹ ẹ́. Ti ẹja àti edé yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ooru ìkòkò tí a ti ń sè wọ́n lè da ọmọ láàmú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí agbo ilé mọ èèwọ̀ náà

Mo fi ọdún kan ṣàlàyé ẹ̀ṣọ́ ara àti histamine fún ẹbí ọkọ mi. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo lọ ra omi fún ọmọ ní ibi ìsọmọlórúkọ kan, mo bá a ní ọwọ́ ìyá àgbà kan tí ó ń fi súyà há a lẹ́nu. «Díẹ̀ péré ni, kí ara rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n ni.» Ọjọ́ yẹn ni mo pa àlàyé tì, mo sì sọ fún wọn pé èèwọ̀ rẹ̀ ni.

Gbogbo ènìyàn ni èèwọ̀ yé. Ìdílé tí kì í jẹ òkété kò ní jẹ ẹ́ nítorí pé ebi ń pa á. Ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá kò ní mu ẹmu nítorí pé ó wà ní òde ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tí ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣe ohun tí àlàyé mi kò lè ṣe. Síbẹ̀ ó ní ibi tí ó kù sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ dí i: ẹlòmíràn gbà pé ètùtù lè wẹ èèwọ̀ tí a jẹ, tàbí pé ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹ sọ fún wọn gbangba pé èèwọ̀ ara ni, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni ó kọ̀ ọ́, kò sí ohun tí a lè fi tù ú lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ẹnu bí kò ṣe abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú àpò yìí. Kí ẹ sì ṣí àpò náà kí wọ́n rí abẹ́rẹ́.

Ìyá àgbà tí ó ń ṣiyèméjì ni kí ẹ fi ṣe olórí ẹ̀ṣọ́. Èmi gbé àpò náà lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ ní àríyá kan, mo ní, «Màmá, ẹ̀yin ni mo fi ọmọ yìí sí lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan kan.» Kò sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti tún fún ọmọ ní nǹkan níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà òun ni ó ń bá alásè jà lórí epo.

Bí ẹ bá ń lọ sí òde, ẹ gbé oúnjẹ ọmọ dání nínú fúláàsì rẹ̀, kí ẹ sì tètè fún un jẹ kí wọ́n tó máa pín oúnjẹ. Ọmọ tí ó yó kì í wo àwo ẹlòmíràn púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ilé ẹ̀kọ́

Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ọmọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà, àpò kan tí yóò wà ní ilé ẹ̀kọ́, àti àwòrán ọmọ pẹ̀lú ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹni tí ń se oúnjẹ yóò máa rí i. Àpò náà kò gbọdọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bírò tí ó ti parí ni mo fi ń kọ́ àwọn olùkọ́: a gún un mọ́ òrombó, kí ọwọ́ wọn lè mọ bí ó ti ń dún.

Ọjọ́ ìbí ni ó máa ń mú wàhálà wá, nítorí òbí ẹlòmíràn yóò fi ọ̀rá ìpápánu ránṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi páálí ìpápánu ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, kí wọ́n máa fún un nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gba tiwọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì fẹ́ máa dá a jókòó ní igun kan bí ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹ má gbà; kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ pé «mi ò jẹ ẹ̀pà». Ọmọ ọdún márùn-ún lè béèrè ohun tí ó wà nínú oúnjẹ. Ohun tí ó ṣòro ni pé a ti kọ́ ọmọ wa láti kúnlẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ méjì gba ohun tí àgbà bá fún un, kíkọ̀ sì jọ àfojúdi. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan tí ó gbé ọ̀wọ̀ àti kíkọ̀ pọ̀, kí ẹ sì máa fi ṣeré títí yóò fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tiwa ni: «Ẹ ṣé mà, ẹ̀pà ni èèwọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi han màmá mi.» Yóò kúnlẹ̀ sọ ọ́, kò sì sí àgbà tí ó tíì bínú sí i.

Ẹ tún kọ́ ọ láti pariwo bí ọ̀fun bá ń yún un. Ọmọ mìíràn máa ń dákẹ́ nítorí ó rò pé wọn yóò nà án pé ó jẹ ohun tí kò yẹ. Nítorí náà ìlànà kan wà nílé wa tí kò yẹ̀: ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ pé òun jẹ ẹ̀pà kì í jìyà.

Bí ẹ bá ń gbé ní òkè òkun

Òfin ń ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ 14 ni ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ bí ó bá wà nínú ohun tí wọ́n ń tà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Òfin Natasha ti ní kí wọ́n kọ gbogbo èròjà sára oúnjẹ tí wọ́n dì síbi tí wọ́n ti ń tà á. Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 tí ó kú ní 2016 nítorí yánmọtí tí wọ́n pò mọ́ búrẹ́dì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà oúnjẹ mẹ́sàn-án ni. Yánmọtí ni ìkẹsàn-án, ó wọlé ní 2023. Àmọ́ òfin wọ̀nyí kò dé ìdí ìkòkò ìyá tí ó ń se oúnjẹ ìsìn àìsùn. Ẹni tí ó bá sì mú ọmọ lọ sí Bahia ní Brazil kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ tan òun jẹ: acarajé jẹ́ ọmọ ìyá àkàrà wa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń là á láàárín kí wọ́n fi vatapá sí i, èyí tí ó sábà máa ń ní ẹ̀pà, kajú àti edé gbígbẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àyẹ̀wò tí ó ń bọ̀, àti àbúrò rẹ̀

Ẹ máa padà sí ọ̀dọ̀ dókítà lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ wàrà tàbí ẹyin ni ó máa ń tán lára wọn. Ti ẹ̀pà ń tán lára nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún, iwájú dókítà nìkan ni a sì ti ń dán an wò.

Bí ẹ bá bí òmíràn, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Mo fi ẹ̀pà pamọ́ fún àbúrò rẹ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́ta, mo rò pé mò ń dáàbò bò ó. Ìwádìí LEAP tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, mú ọmọ ọwọ́ 640 tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí ara wọn ń yún tí ó sì ń bó gan-an tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Ìdajì wọn ń jẹ ẹ̀pà déédéé, ìdajì kò fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nínú àwọn tí àyẹ̀wò awọ wọn kò fi nǹkan hàn níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀pà ti lòdì sí nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bíi 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá ti ń jẹ ògì, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ara ọmọ náà bá ń bó, àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Bí ó bá ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná ni kí ẹ pò mọ́ ògì kí ó ṣàn, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní àárọ̀, nígbà tí ilé ìwòsàn wà ní ṣíṣí. Ẹ má fún un ní odindi ẹ̀pà kí ó tó pé ọdún márùn-ún, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ní ilé tí ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ẹ fún àbúrò lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ fọ ṣíbí náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó dé.